Èsìsì Kì í Jóni Lẹ́ẹ̀mejì

Àwọn àgbà ní èsìsì, ewé onírun tó ń jóni lára, kì í jóni lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá ń roko lábẹ́ igi obì gbànja ní Rẹ́mọ lásìkò òjò lè jiyàn, torí ó máa ń jóni lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ ewé kọ́ ló ni ẹ̀bi ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ọwọ́ ẹni tó ń họra ni.

Ibi tútù tó ní ibòji ni èsìsì ń gbé: abẹ́ obì, abẹ́ kòkó, ẹ̀yìn ògiri, ẹ̀bá ààtàn. Ewé rẹ̀ fẹ̀, etí ewé náà sì rí bí eyín ayùn. Irun ara ewé àti igi rẹ̀ ni ká ṣọ́ra fún. Inú irun yìí ṣófo bí abẹ́rẹ́ ìgúnni, ohun tí wọ́n fi ń ṣe dígí ló sì mú kí orí rẹ̀ le. Bí ara bá kàn án, orí yẹn á ṣẹ́, oró inú rẹ̀ á tú sábẹ́ awọ. Bí èèyàn bá wá fọwọ́ ra á, irun tí kò tíì ṣẹ́ á ṣẹ́, èyí tó ti ṣẹ́ á tún wọlé sí i.

Nítorí náà, ká ara rẹ lọ́wọ́ kò. Jẹ́ kí ojú ibẹ̀ gbẹ, lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ọn, kí o fà á kúrò lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, kí irun bá a jáde. Lẹ́yìn náà ni ọṣẹ àti omi tútù. Bí ojú bá wú tàbí èémí bá ń há, ilé ìwòsàn ló kàn.

Àtiro rẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀yìn òjò, tí ilẹ̀ rọ̀, ni kí o fi ọkọ́ hú u tigbòǹgbò tigbòǹgbò, kó tó so èso. Àdá á kàn fọ́n ewé rẹ̀ sí ọ lójúgun ni. Wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn, kí o ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò bọ inú bàtà òjò. Èyí tó ti rọ pàápàá ṣì lè jóni.

Má ṣe pè é ní wèrèpè o. Wèrèpè ń fà mọ́ igi ni, ewé rẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta, irun pupa rúsúrúsú sì bo pódi rẹ̀, ìyẹn èèpo tí èso rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Atẹ́gùn lásán ń gbé irun yẹn kiri tó bá ti gbẹ, ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká gé e nígbà tí pódi ṣì tutù. Bó bá ti gbẹ, ìdájí tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀ ló dára. Aṣọ tí o wọ lọ, má ṣe fọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ aṣọ ọmọ.