Sosiọ́lọ́jì kì í ṣe ohun tí gbogbo wa ti mọ̀ tẹ́lẹ̀

Bí ẹnìkan bá ní sosiọ́lọ́jì, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa bí àwọn ènìyàn ṣe ń gbé pọ̀ láwùjọ, lòun fẹ́ kà, kì í pẹ́ tí wọ́n á fi bi í pé, "Kí ló wà níbẹ̀? Ṣebí ohun tí a ń fojú rí lójoojúmọ́ náà ni wọ́n kó sínú ìwé." Ọ̀rọ̀ yìí máa ń ká mi lára, torí ó ń lé àwọn tó lè fẹ́ràn ẹ̀kọ́ náà sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká dán an wò. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Samuel Stouffer, onímọ̀ sosiọ́lọ́jì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣèwádìí nípa àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà. Ní 1949, Paul Lazarsfeld, tí òun náà jẹ́ onímọ̀ sosiọ́lọ́jì, to àwọn ohun kan sílẹ̀ bí àbájáde ìwádìí náà: ìdààmú ọkàn bá àwọn tó kàwé ju àwọn tí kò kàwé lọ, inú ará oko dùn sí ayé ológun ju ti ará ìlú ńlá lọ, àwọn ará gúúsù Amẹ́ríkà fara da ooru erékùṣù Pàsífíìkì ju àwọn ará àríwá lọ. Ta ni kò mọ̀ yẹn? Ooru kúkú ti mọ́ ará gúúsù lára. Ìgbà tí òǹkàwé ti gbà á tán ni Lazarsfeld tó wá sọ pé òdìkejì wọn gan-an ni ìwádìí náà bá pàdé. Ká ní òdìkejì yẹn ló kọ́kọ́ sọ, a ò bá ti rí àlàyé ṣe fún un bákan náà.

Èyí tó wù mí jù nínú ìwádìí yẹn ni ọ̀rọ̀ ìgbéga. Àwọn ológun òfurufú ń rí ìgbéga ju àwọn ọlọ́pàá ológun lọ dáadáa, síbẹ̀ àwọn ológun òfurufú yìí ni wọ́n ń ráhùn jù nípa ìgbéga. Kí ló fà á? Ẹni tó wà nítòsí rẹ̀ ni kálukú fi ń wọn ara rẹ̀. Níbi tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ ti gòkè, tí ìwọ nìkan ṣì wà nísàlẹ̀, ó máa dùn ọ́ gan-an. Níbi tí kò ti fi bẹ́ẹ̀ sí ẹni tó ń gòkè, ìtìjú wo ló wà níbẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ náà ni Mark Granovetter, onímọ̀ sosiọ́lọ́jì mìíràn, ní 1973, rí i pé nínú àwọn tó tipasẹ̀ ojúlùmọ̀ ríṣẹ́, nǹkan bí ìdá 17 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹni tí wọ́n ń rí léraléra ràn lọ́wọ́. Ohun tí ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ mọ̀, ìwọ náà ti sábà mọ̀ ọ́n.

Lóòótọ́, àbájáde mìíràn máa ń bá èrò wa mu. Àmọ́ láìwádìí, báwo la ṣe fẹ́ mọ èyí tó jóòótọ́? Ìwọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kọ èrò tìrẹ àti ìdí rẹ̀ sílẹ̀ kí o tó ka àbájáde ìwádìí kankan. Lẹ́yìn náà, wo iye ènìyàn tí wọ́n bi ní ìbéèrè, bí wọ́n ṣe yàn wọ́n, àti ẹni tí wọ́n fi wọ́n wé.