Wọ́n ní ilé amọ̀ kì í pẹ́: ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń pa á gan-an

Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n kan tó ní ilẹ̀ létí Odò Ògùn, lẹ́yìn ìlú Abẹ́òkúta, ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá ya àwòrán ilé ìgbàlejò sí i. Ilẹ̀ náà wù mí púpọ̀. Ìrókò méjì ló dúró níbẹ̀, àpáta ràbàtà kan jókòó láàárín wọn, àwọn lékèélékèé sì máa ń wá wọ̀ sí ìhà kejì odò ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn tí ariwo Èkó ti sú, tí wọ́n fẹ́ wá sùn nínú igbó kí wọ́n sì jí sí ohùn ẹyẹ, ni ẹ̀gbọ́n fẹ́ máa gbà lálejò. Mo ní kí a fi ilẹ̀ pupa ibẹ̀ kọ́ ilé ọ̀hún. Ẹ̀gbọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "Àbúrò, ilé amọ̀ kì í pẹ́. Ṣé kó wá wó lé àlejò lórí ni?"

Ẹ̀gbọ́n nìkan kọ́ ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu bíríkìlà, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu olówó, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí wọ́n bí sínú ilé amọ̀, tí òbí wọn ṣì ń gbé ibẹ̀ títí dòní. Kì í ṣe òótọ́. Àmọ́ ó ní ohun tó mú un jọ òótọ́, ohun náà ni mo sì fẹ́ tú palẹ̀ níbí.

Ẹ gun Olúmọ dé òkè, kí ẹ wo ìsàlẹ̀. Òrùlé páànù tó ti dípẹtà ni ẹ máa rí, tó tẹ́ lọ rẹrẹ. Ẹ wá sọ̀kalẹ̀, kí ẹ rìn gba àárín àwọn agbo ilé tó wà ní ìdí àpáta. Lára ògiri tí símẹ́ńtì rẹ̀ ti ṣí, ẹ máa rí ilẹ̀ pupa ní ipele-ipele, bí àwọn baba wa ṣe mọ ọ́n: wọ́n á mọ ipele kan, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó gbẹ, kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Púpọ̀ nínú àwọn ilé yìí dàgbà ju ẹni tó dàgbà jù nínú wọn lọ. Síbẹ̀, ẹni tó bá ń kọjá lọ á tọ́ka sí ibi tí símẹ́ńtì ti ṣí, á ní, "Ẹ ò rí i? Amọ̀ ti ń bàjẹ́." Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ilé yíyà, mo bá ẹnì kan tún ilé amọ̀ baba rẹ̀ ṣe. Ó ní òun fẹ́ kó dán. Mo gbà kí bíríkìlà fi símẹ́ńtì rẹ́ gbogbo ara ògiri, nínú àti lóde. Ó dán lóòótọ́. Lẹ́yìn òjò ọdún kejì, wọ́n pè mí. Mo fi ìka kan ògiri nísàlẹ̀, ó dún bí igbá òfìfo. Mo fi ọ̀bẹ ta etí símẹ́ńtì náà díẹ̀, abala kan tó tó àtẹ́lẹwọ́ méjì sì já bọ́. Amọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ tutù rinrin. Mo tẹ̀ ẹ́, ìka mi wọlé bí ẹni ki ọwọ́ bọ ẹ̀kọ. Ikán ti la ọ̀nà tirẹ̀ gba ibẹ̀. Ṣùgbọ́n lókè ògiri kan náà, níbi tí símẹ́ńtì ti kọ́kọ́ ṣí, tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí amọ̀ láti ìgbà yẹn wá, ó le bí òkúta. Mo dúró níbẹ̀ pẹ́, mo ń fọwọ́ kan òkè, mo ń fọwọ́ kan ìsàlẹ̀. Ibi tí a bò ló ń jẹrà. Ibi tí a ò bò mọ́ ló yè.

Ìdí rẹ̀ rèé. Amọ̀ máa ń mí. Bí òjò bá ń rọ̀, á fa ọ̀rinrin díẹ̀ sára. Bí oòrùn bá ràn, á dá a padà fún afẹ́fẹ́. Símẹ́ńtì kì í jẹ́ kó rí i dá padà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, símẹ́ńtì le, amọ̀ rọ̀, wọn kì í wú, wọn kì í sì í sún kì bákan náà bí ojú ọjọ́ bá ń yí, nítorí náà símẹ́ńtì á sán wẹ́wẹ́. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ojú sísán tó tín-ín-rín bí irun orí yẹn ni omi ń bá wọlé, tí kò sì ní rí ọ̀nà jáde mọ́.

Ibi kejì tí amọ̀ ti ń gba ìyà ni ìdí ògiri. Òrùlé koríko àwọn baba wa gùn, ó rọ̀ sílẹ̀ bo ògiri. Nínú àwọn ilé tí mo ti fi téèpù wọ̀n, mo ti rí èyí tí etí páànù rẹ̀ kò yọ kọjá ògiri ju ìbú ọwọ́ méjì lọ. Omi á já láti òkè, á lu ilẹ̀, á ta padà sí ìdí ògiri, ọjọ́ dé ọjọ́, láti oṣù Kẹrin títí di oṣù Kẹwàá. Amọ̀ wo ló máa gba irú ìyẹn? Bílọ́ọ̀kù símẹ́ńtì pàápàá á hu ewéko nídìí bí omi bá ń ta á bẹ́ẹ̀.

Oògùn rẹ̀ kò sì le. Kí a fi òkúta ṣe ìpìlẹ̀, kí òkúta náà yọ sókè ilẹ̀ dé bí orúnkún kí a tó gbé amọ̀ lé e. Ìlú wo ló tún ní òkúta tó Abẹ́òkúta? Kí etí òrùlé yọ tó mítà kan. Kí ojú ilẹ̀ yíká ilé da gẹ̀rẹ́ kúrò lára ògiri. Amọ̀ ni kí a sì fi rẹ́ amọ̀. Àwọn Hausa máa ń fi omi èèpo igbá, igi tí a ń rí irú lára rẹ̀, sí amọ̀ tí wọ́n fi ń rẹ́ ilé, kí omi má baà tètè wọ̀ ọ́. Èèpo tí àwọn tó ń ṣe irú máa ń kó dànù ni mò ń sọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń ṣiyèméjì, kó wo mọ́ṣáláṣí ńlá ìlú Djenné ní orílẹ̀-èdè Mali. Amọ̀ ni ògiri rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ọdún 1907 ni wọ́n sì parí èyí tó dúró báyìí. Ọdọọdún ni ará ìlú ń jáde, tọmọdé tàgbà, láti fi amọ̀ tuntun rẹ́ ẹ. Nílẹ̀ wa níbí, ayàwòrán ilé tó ń jẹ́ Demas Nwoko po yangí mọ́ símẹ́ńtì díẹ̀, ó pe orúkọ rẹ̀ ní latcrete, ó sì fi kọ́lé. Lọ́dún 2023 ni wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ Kìnnìún Oníwúrà ní Venice, lórílẹ̀-èdè Italy, fún iṣẹ́ ìgbésí ayé rẹ̀. Francis Kéré, ọmọ Burkina Faso, fi bíríkì amọ̀ kọ́ ilé ìwé sí abúlé rẹ̀ ní Gando, wọ́n parí rẹ̀ ní 2001. Ó gbé páànù jìnnà sókè sí àjà ilé kí atẹ́gùn lè máa gba àárín méjèèjì kọjá. Òun ló gba ẹ̀bùn Pritzker, tó ga jù láàárín àwọn ayàwòrán ilé lágbàáyé, ní 2022. Ohun tí à ń pè ní ilé tálákà ló fi dé ibẹ̀.

Mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún ẹ̀gbọ́n. Wọ́n mi orí, wọ́n tún mú òmíràn jáde: "Kò burú, ó lè pẹ́. Ṣùgbọ́n àlejò tó san owó kò ní sùn níbi tí kò sí AC."

Ooru ni àlejò ń sá fún, ẹ jẹ́ ká bi ara wa ohun tó ń mú ooru wá. Bílọ́ọ̀kù tínrín tètè ń gbóná, páànù tí kò ní àjà lábẹ́ ń da ooru sílẹ̀ bí ààrò, fèrèsé sì kọjú sí ìwọ̀ oòrùn gan-an. Inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni a wá ń gbé AC sí. AC kékeré ti 1 HP ń jẹ tó 800 wọ́ọ̀tì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fáànù àjà kan ń jẹ nǹkan bí 70. Nínú igbó tí iná NEPA kò dé, AC túmọ̀ sí jẹnẹrétọ̀, jẹnẹrétọ̀ túmọ̀ sí ariwo àti èéfín láti alẹ́ mọ́jú. Ẹyẹ tí àlejò wá gbọ́ ohùn rẹ̀ á ti fò lọ. Mo bẹ̀ yín, kí ni ó wá ṣẹ́ kù tí a ń tà fún un?

Ògiri amọ̀ tó nípọn máa ń pẹ́ kó tó gba ooru ọ̀sán wọlé. Abẹ́òkúta wà ní nǹkan bí digirí 7 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, nítorí náà oòrùn ọ̀sán gangan fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń wà lórí wa. Ti àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́, tó ń rìn nílẹ̀, ló ń gún ògiri lójú. Bí ilé bá gùn láti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn, ògiri kúkúrú nìkan ni oòrùn yẹn á máa bá jà, kí a má sì dá fèrèsé sí ibẹ̀. Kí fèrèsé ńlá wà ní àríwá àti gúúsù, kí wọ́n kọjú síra wọn, kí atẹ́gùn gba inú yàrá kọjá. Fáànù pẹ̀lú sọ́là tó bá a. Àwọn Ẹ̀gbá tó sá wá síbí ní nǹkan bí 1830 mọ bí abẹ́ òkúta ṣe ń tutù, abẹ́ òkúta náà ni wọ́n sì fi sọ ìlú lórúkọ.

Símẹ́ńtì kì í sì í ṣe nǹkan tó wá lọ́fẹ̀ẹ́ fún ayé. Ewékorò kò jìnnà sí wa, láti 1960 ni wọ́n ti ń ṣe símẹ́ńtì níbẹ̀. Òkúta ẹfun ni wọ́n ń wà, tí wọ́n ń sun nínú iná tó gbóná tó 1,450 digirí. Nínú gbogbo carbon dioxide, ìyẹn afẹ́fẹ́ tó ń mú kí ayé máa gbóná, tí ọmọ ènìyàn ń tú sínú afẹ́fẹ́, ìpín 7 sí 8 nínú 100 ló ń ti ọ̀dọ̀ símẹ́ńtì wá. Ẹni tó fẹ́ pe ilé rẹ̀ ní ilé tó ń ṣìkẹ́ igbó gbọ́dọ̀ ka ìyẹn mọ́ ọn.

Ibi tí ẹ̀gbọ́n ti jàre wà, mi ò ní fi pamọ́. Balùwẹ̀ kì í ṣe ibi amọ̀ lásán. Ibẹ̀ la máa lo bíríkì ilẹ̀ pupa tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀ pọ̀, tí símẹ́ńtì inú rẹ̀ jẹ́ ìpín 5 sí 8 nínú 100, pẹ̀lú táìsì lójú ògiri ibi tí omi ti ń ta. A kì í sun bíríkì yìí níná. NBRRI, iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí ilé àti ọ̀nà, ti ń ṣiṣẹ́ lórí irú bíríkì bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n ní ibùdó ìwádìí ní Ọ̀tà, nínú ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí. Ilé amọ̀ ń fẹ́ ìtọ́jú pẹ̀lú. Ẹni tí kò ní máa rẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kó má kọ́ ọ. Tí ó bá sì kan àkúnya odò, amọ̀ àti bílọ́ọ̀kù kò ní ọ̀rẹ́ kankan níbẹ̀. A rí ohun tí omi ṣe ní Abẹ́òkúta ní oṣù Keje ọdún 2018. Ìdí nìyẹn tí mo fi sún àwòrán ẹ̀gbọ́n kúrò létí odò lọ sí ẹ̀gbẹ́ àpáta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé etí odò ni wọ́n fẹ́.

Ohun mìíràn tún wà tó ń bà mí nínú jẹ́. Àwọn kan á fi ọparun àti koríko kọ́ ilé, wọ́n á pè é ní ilé tó bá igbó mu, wọ́n á sì da omi ìgbẹ́ sínú ihò lásán. Ọparun tí a kò fi oògùn borax tọ́jú, kòkòrò lè sọ ọ́ di ìyẹ̀fun láàárín ọdún díẹ̀. Ti ihò yẹn ló burú jù. Orí àpáta ni ìlú wa wà, ilẹ̀ tó bò ó kò nípọn níbi púpọ̀. Omi ṣalángá kì í rí ilẹ̀ tó pọ̀ tó láti sẹ́ ẹ. Ojú sísán àpáta ló ń bá rìn, ó sì lè gba ibẹ̀ bọ́ sínú kànga. Ní ilẹ̀ ẹ̀gbọ́n, ilé ìgbẹ́ tí kò lo omi, tí à ń da eérú àti ìyẹ̀fun pákó sí ni mo yà, kó jìnnà sí kànga, kó sì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Omi ìwẹ̀ lọ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ìyá àgbà wo ni kò ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn balùwẹ̀? Omi òjò wá láti orí páànù: lórí òrùlé tó fẹ̀ tó 100 mítà onígun, òjò tó rọ̀ ní mìlímítà 30 á fún wa ní nǹkan bí 3,000 lítà.

Níkẹyìn, mo bẹ ẹ̀gbọ́n pé kí a jọ dán ilẹ̀ náà wò. A hó ilẹ̀dú orí rẹ̀ kúrò, torí ewé jíjẹrà inú rẹ̀ kò dára fún ilé. A bu ilẹ̀ pupa tó wà lábẹ́ sínú ìgò tó mọ́ gaara, a da omi àti iyọ̀ díẹ̀ sí i, ẹ̀gbọ́n fọwọ́ ara wọn mì í, a gbé e sórí àpáta. Yanrìn balẹ̀ kíá. Èyí tó kúnná tẹ̀ lé e. Amọ̀ gan-an pẹ́ kó tó sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí omi mọ́ lọ́jọ́ kejì, a fi rúlà wọ̀n ọ́n: yanrìn ju ìdajì lọ, amọ̀ tó bí ìdá mẹ́rin kan. Ilẹ̀ tó dára fún bíríkì nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n gbé ìgò náà sí ojú oòrùn, wọ́n yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, wọn kò sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n bi mí ìgbà tí ẹ̀rọ bíríkì máa dé. Mo ní oṣù Kọkànlá, bí òjò bá ti dá, nítorí bíríkì á lò tó ọjọ́ 28 lábẹ́ ìbòjì kó tó le dáadáa. Wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìbòjì náà lábẹ́ ìrókò.