Oògùn wèrè kọ́ ni dókítà fún màmá yín o

Àǹtí mi tó ń gbé Mararaba ní ṣúgà, ó sì ti pẹ́ díẹ̀ tí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn ti ń ta wọ́n bí ẹni tó tẹ iná, alẹ́ ló máa ń le jù, ìró lásán ò gbọdọ̀ kàn án, orí àga ni wọ́n ń sùn sí tẹsẹ̀ tẹsẹ̀ nínú ike omi tútù. Dókítà wá kọ amitriptyline 10mg fún wọn, ẹyọ kan lálẹ́. Ọmọ wọn ka ìwé inú páálí, ó rí depression níbẹ̀, ló bá figbe ta pé "Mummy, oògùn wèrè nìyí!" Bó ṣe di pé wọ́n dà á nù nìyẹn. Ìgbà tí mo débẹ̀, tramadol, oògùn ìrora tó le, tí wọ́n rà lọ́wọ́ mai magani (ẹni tó ń ta oògùn kiri) ní Nyanya ni mo bá lábẹ́ ìrọ̀rí.

Lóòótọ́, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni wọ́n ń fi í wò látọdún 1961 (ìyẹn gan-an ò sì kí ń ṣe wèrè). Àmọ́ iṣan tí ṣúgà ti bà jẹ́ á máa ránṣẹ́ ìrora sí ọpọlọ láìsí egbò láìsí nǹkan kan, Panadol àti ibuprofen ò fi bẹ́ẹ̀ rí irú ẹ̀ ṣe. Iṣẹ́ tí iṣan ń rán yẹn ni amitriptyline ń dín kù nínú ọ̀pá ẹ̀yìn àti ọpọlọ. Ẹ tiẹ̀ wo ìwọ̀n ẹ̀, 10 sí 25mg ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ fún ìrora, ti ìrẹ̀wẹ̀sì lè tó 150.

Kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan ṣá, ó lè gba ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́fà, ẹnu á máa gbẹ, oorun á máa kunni, ìgbẹ́ lè le. Kì í sì í bá gbogbo èèyàn lára mu. Duloxetine àti pregabalin náà wà, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe fún àwọn oníṣúgà 130 ní UK, tó jáde nínú Lancet, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, ní 2022, fi hàn pé èyí tó wù kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bákan náà ni ìrora ṣe dín kù.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni kéèyàn mú un pọ̀ mọ́ tramadol, gìrì lè gbé onítọ̀hún! Ẹ̀yin bàbá tí prostate ò jẹ́ kí ẹ tọ̀ dáadáa, ẹni tó ní àrùn ọkàn tàbí glaucoma (àrùn ojú), ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ fún dókítà kó tó kọ ọ́.

Àǹtí mi ti padà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ọ̀sẹ̀ karùn-ún rè é, ó ṣì ń ta wọ́n díẹ̀díẹ̀ àmọ́ orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ń sùn báyìí.