Ẹ fún ẹṣin ní koríko, ẹ jọ̀ọ́!

Ó ti sú mi! Ilé ẹṣin tí mò ń sanwó fún lóṣooṣù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí tún fi ẹṣin mi sílẹ̀ láìsí koríko gbígbẹ láti ìrọ̀lẹ́ di àárọ̀. Tọ̀sán-tòru ni ásíìdì ń ṣàn nínú ikùn ẹṣin. Bí kò bá rí nǹkan jẹ pẹ́, ọgbẹ́ inú ló ń fà. Ẹṣin tó wúwo tó 500 kílò nílò koríko bíi kílò 10 lóòjọ́. Wọ́n sì mọ̀ o! Ilẹ̀ á mọ́, wọ́n á gbé gàárì lé e fún dressage, ìyẹn eré ìdárayá tí ẹṣin ti ń tẹ̀lé àṣẹ ẹni tó gùn ún, kó máa gbẹ́sẹ̀ bí oníjó. Bó bá kọ̀, wọ́n á ní olórí kunkun ni. Olórí kunkun kẹ̀? Ebi ló ń pa á! Ẹ kó koríko sílẹ̀ fún un kí ẹ tó tilẹ̀kùn lálẹ́. Mo ti sanwó rẹ̀.