Nọ́ńbà 18 ara páálí gémù ò mọ ẹni tó jókòó nínú ilé gémù wa

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn ó ti pẹ́, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ síta. Tí ọmọkùnrin bá ti bá ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ jà dójú ẹ̀jẹ̀ báyìí, kí wọ́n tó bi í pé kí ló fà á, àgbà kan á ti dìde pé gémù ni, gémù tí wọ́n ń gbá lójoojúmọ́ ló sọ wọ́n dà bẹ́ẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ ní ìpàdé òbí àti olùkọ́, mo gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo tún gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń dúró de mọ́tò ní gáréèjì ní Kàbà, níhìn-ín ní ìpínlẹ̀ Kogi. Olùkọ́ ni mí, àwọn ọmọ tí wọ́n ń sọ yìí ni mò ń rí láràárọ̀, mi ò sì lè dákẹ́ mọ́, torí ẹ̀sùn yẹn ti rọrùn jù, ó ń jẹ́ kí àwọn tó yẹ ká bi léèrè máa rìn lọ ní tiwọn.

Ìjà yìí kì í ṣe tuntun o. Ní Amẹ́ríkà, 1992 ni Mortal Kombat jáde, gémù ìjà tí ẹni tó borí lè fa orí ẹnìkejì yọ tòun ti eegun ẹ̀yìn. Nígbà tó di 1993 tó wọ inú ẹ̀rọ tí àwọn ọmọdé ń lò nílé, ariwo ta, sẹ́nétọ̀ Joseph Lieberman àti Herb Kohl pe àwọn ilé iṣẹ́ gémù wá síwájú ìgbìmọ̀ ní oṣù Dìsẹ́ńbà ọdún yẹn. Àwọn oníṣòwò rí i pé ìjọba ti fẹ́ fi òfin dé àwọn, ni wọ́n bá sáré dá àjọ tiwọn sílẹ̀ ní 1994, ESRB, tó ń sọ ẹni tó yẹ kó gbá gémù kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà ni wọ́n ń kọ sára páálí, E fún tẹrú tọmọ, T fún ọmọ ọdún 13 sókè, M fún 17 sókè, AO fún àgbàlagbà nìkan. Yúróòpù náà ní tiwọn láti 2003, PEGI, nọ́ńbà ni wọ́n ń kọ, ìyẹn ọjọ́ orí tó yẹ kéèyàn pé kó tó gbá a, 3, 7, 12, 16, 18, wọ́n á tún ya àwòrán kékeré sí i, ẹ̀ṣẹ́ fún ìjà, aláǹtakùn fún ẹ̀rù, dáìsì fún tẹ́tẹ́. GTA, gémù olè àti ìbọn tí gbogbo ọmọ àdúgbò mọ̀ yìí, M ni lọ́dọ̀ Amẹ́ríkà, 18 ni lọ́dọ̀ Yúróòpù. Ẹ wá lọ wo ilé gémù tó wà nítòsí yín, kẹ́ ẹ wo ojú àwọn tó ń gbá a.

Níbo gan-an ni wọ́n ti máa rí nọ́ńbà ọ̀hún? Gémù tó wà nínú ilé gémù wa ò ní páálí. Ti PS2 àtijọ́, ìyẹn PlayStation 2, CD tí wọ́n dà kọ ni, inú ọ̀rá lásán ló wà, bírò ni wọ́n fi kọ orúkọ ẹ̀ sí i lára. PS3 ńkọ́, wọ́n ti tú ìdè tí ilé iṣẹ́ fi dè é, gbogbo gémù ti wà nínú ẹ̀ pọ̀, ọmọ á kàn máa yí i lọ títí tó fi máa kan èyí tó wù ú. Bọ̀dá tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó ń gbowó, owó epo jẹnẹrétọ̀ ló ń rò, torí iná ò dúró, epo sì wọ́n, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un rí pé nọ́ńbà kan wà níbì kankan. Àwọn tó ṣe ètò nọ́ńbà yẹn, ìyá tó máa wọ ṣọ́ọ̀bù lọ ra páálí ni wọ́n ní lọ́kàn, tó máa yí i wò lẹ́yìn kó tó sanwó. Kò sí ìyá yẹn nínú ètò tiwa. Ọmọ fúnra ẹ̀ ló ń sanwó, owó tí wọ́n fún un pé kó fi jẹun nílé ìwé ni.

Ti fóònù yàtọ̀ díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣí Google Play, nọ́ńbà wà lára gémù kọ̀ọ̀kan. Ẹ sì lè ti èyí tó ju ọjọ́ orí ọmọ lọ pa, ẹ wọ settings, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ parental controls sí, ẹ yan ọjọ́ orí, ẹ fi PIN tí ọmọ ò mọ̀ sí i, ó parí. Ṣùgbọ́n tí n bá sọ ọ́ fún àwọn òbí, ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ fún mi ni pé ọmọ ló bá àwọn ṣí Gmail, ọmọ ló mọ password, ọmọ ló máa ń bá àwọn ṣe gbogbo ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ fóònù bàbá ni o! Owó bàbá ló rà á, dátà bàbá ló wà nínú ẹ̀, síbẹ̀ ọmọ ló ni kọ́kọ́rọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sí ìbéèrè tó ń dá ìjà sílẹ̀, ṣé gémù ló ń sọ ọmọ di apààyàn? Nígbà tí àwọn ọmọkùnrin méjì wọ ilé ìwé Columbine ní Amẹ́ríkà ní April 1999 tí wọ́n yìnbọn pa àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, Doom, gémù ìbọn tí wọ́n ń gbá, ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ nawọ́ sí. Láti ìgbà yẹn ni àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ìwádìí ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, APA, sọ ọ́ ní 2020 pé ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ ò tó láti sọ pé gémù oníjà ló ń fa ìwà ipá, wọ́n ní ohun tí àwọn rí ò ju nǹkan kékeré lọ, bíi kí ọmọ máa jágbe mọ́ èèyàn tàbí kó máa ti ẹlòmíì. Ọdún tó ṣáájú ìyẹn, àwọn olùwádìí ní yunifásítì Oxford wo nǹkan bí 1,000 ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ ọmọ ọdún 14 àti 15, wọ́n bi àwọn ọmọ, wọ́n bi òbí wọn, wọ́n sì lo nọ́ńbà tí àjọ kọ sára gémù láti mọ èyí tó jẹ́ oníjà, wọn ò fi ti ẹnu ọmọ ṣe. Wọn ò rí i pé àwọn tó ń gbá gémù oníjà ń hùwà jàgídíjàgan ju àwọn tó kù lọ. Jàpáánù àti Gúúsù Kòríà, gémù ni wọ́n fi ń mí, ẹ sì wo bí ìpànìyàn ṣe kéré lọ́dọ̀ wọn.

Ká wá sọ òótọ́ nílé ara wa. Ìdìbò gómìnà ìpínlẹ̀ Kogi, 16 November 2019, gbogbo wa la wà láyé, a mọ bí ìbọn ṣe dún, a mọ bí wọ́n ṣe gbé àpótí ìbò sá lọ. Àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n kó sínú mọ́tò yẹn, ṣé inú PlayStation ni wọ́n ti fún wọn níbọn? Àgbàlagbà ló fún wọn, àgbàlagbà tó ń wọ agbádá, tá à ń kí ní òde ìyàwó, tá à ń gbé àga síwájú fún ní ṣọ́ọ̀ṣì ọjọ́ ìkórè. Ọmọ tó ti rí i pé ẹ̀gbọ́n òun gba owó nítorí pé ó gbé igi lu èèyàn, tí ẹnikẹ́ni ò sì mú ẹ̀gbọ́n yẹn, ẹ̀kọ́ tó kọ́ níbẹ̀ kò sí gémù tó lè kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ẹ tún wo ọ̀nà Kàbà sí Obajana, a ò lè rìn ín lọ́kàn balẹ̀ torí àwọn ajínigbé. Àwọn ọmọ wa mọ èyí. Wọ́n mọ ẹni tí wọ́n gbé, wọ́n mọ iye tí ẹbí ẹ̀ wá kiri. Ẹ̀rù yẹn wà nínú wọn kí wọ́n tó fọwọ́ kan pẹ́ẹ̀dì gémù rárá, ó sì ń dùn mí gan-an tí àgbà bá fò ó dá tó wá lọ ń bá gémù jà.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, mi ò ní kí ọmọ ọdún mẹ́jọ máa gbá GTA. Rárá o. Ní 2005 ìpínlẹ̀ California ṣòfin pé ẹni tó bá ta gémù oníjà fún ọmọ tí ò tíì pé 18 máa san owó ìtanràn tó lè tó $1,000, ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà, ní 2011 àwọn adájọ́ méje nínú mẹ́sàn-án ní òfin yẹn ò lè dúró, adájọ́ Scalia kọ ọ́ sínú ìdájọ́ pé ìtàn tí wọ́n ń kà fọ́mọdé pàápàá kún fún ẹ̀jẹ̀, ibi tí àwọn ọmọ kan ti ti àjẹ́ sínú ààrò. Òótọ́ ni, àlọ́ tiwa náà ńkọ́? Ìjàpá ń jalè, wọ́n ń lù ú, ẹ̀yìn ẹ̀ ń fọ́ yángá, wọ́n ń bẹ́ orí ọba burúkú. Ohun tí mo rí nínú àlọ́ tí mi ò rí nínú ilé gémù ni pé ìyá àgbà jókòó síbẹ̀. Òun ló ń pa á, òun ló mọ ọmọ tí ẹ̀rù ń bà, tó máa fà á mọ́ra, òun ló máa bi wọ́n lẹ́yìn ẹ̀ pé kí lẹ rí kọ́, òun náà ló máa ní ó tó, ẹ lọ sùn. Nínú ilé gémù, ẹni tó dàgbà jù níbẹ̀ nígbà mìíì ò ju ọmọ ọdún 19 lọ, òun fúnra ẹ̀ sì wà nídìí pẹ́ẹ̀dì. Ìdí tí mo fi fẹ́ kí a tẹ̀ lé nọ́ńbà nìyẹn, mi ò rò pé ọmọ máa di apààyàn, ṣùgbọ́n ọmọ kékeré ò yẹ kó dá wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láìsí àgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Ibi tó wá ká mi lára jù, tí mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ, ni ti bọ́ọ̀lù. FIFA, gémù bọ́ọ̀lù tí gbogbo wọn ń gbá, nọ́ńbà tí PEGI fún un ni 3. Mẹ́ta! Kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí ìbọn, kò sí èébú, nọ́ńbà yẹn ò parọ́ rárá. Ẹ wá wọ inú ilé gémù lọ́jọ́ Sátidé. Ẹni tí wọ́n bá nà ló máa sanwó gémù fún àwọn méjèèjì, ìyẹn ni ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Àwọn tó dúró sẹ́yìn náà á ti máa fi owó sílẹ̀, èmi wà lẹ́yìn Chelsea, èmi wà lẹ́yìn Madrid, ọmọ tó kéré jù níbẹ̀ á mú owó búrẹ́dì jáde, tó bá jẹ ẹ́ tán á yá lọ́wọ́ ẹni tó dàgbà jù ú lọ, ọjọ́ Monday ẹni yẹn á dúró dè é lẹ́nu géètì. Ìjà tí èmi ti là nílé ìwé, èyí tó ti inú gbèsè bọ́ọ̀lù orí gémù wá pọ̀ ju gbogbo ìyókù lọ. Owó tí wọ́n ń jí nínú pọ́ọ̀sì ìyá, ibẹ̀ ló ń lọ. Nọ́ńbà sọ ohun tó wà nínú gémù fún wa, kò lè sọ ohun tó wà nínú yàrá. Tẹ́tẹ́ ni wọ́n ń ta níbẹ̀, tẹ́tẹ́ ọmọdé, lójú àgbà tó ń gbowó, mi ò sì mọ ohun tó tún yẹ ká máa bínú sí ju ìyẹn lọ.

Nítorí náà, lójú tèmi, ẹni tó ni yàrá ni mo kọ́kọ́ mú. Bọ̀dá, ẹ̀yin lẹ ni kọ́kọ́rọ́ ilé, ẹ̀yin lẹ tan jẹnẹ. Lẹ́yìn ẹ̀ ni mo mú òbí, ẹni tó fún ọmọ lówó tí kò bi í níbi tó ná an sí. Ìjọba náà ní tiẹ̀, àjọ tó ń yẹ fíìmù wò, NFVCB, ti wà láti 1993, wọ́n ń kọ 18 sára fíìmù, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 náà sọ pé ẹni tí ò tíì pé 18 ọmọdé ni, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí òṣìṣẹ́ kankan tó wọ ilé gémù ládùúgbò mi rí, mi ò sì ní jókòó máa dúró dè wọ́n láti Abuja.

Àwọn kan ní kí káńsù lọ ti gbogbo ẹ̀ pa. Mi ò fara mọ́ ọn. Ọ̀dọ́ tó yáwó ra tẹlifíṣàn àti PS4, tó ń jẹun níbẹ̀, tó ń bá ìyá ẹ̀ san owó ilé ìwé àbúrò, ẹ fẹ́ kó lọ síbo? Ṣé kó lọ bá àwọn tó ń gbébọn lọ́jọ́ ìdìbò ni àbí? Àwọn ọmọ tó ń lọ síbẹ̀ náà, tí ẹ bá tì í, ẹ̀yìn ilé tí kò sí ojú àgbà kankan ni wọ́n máa kó lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kéré, ó ṣeé ṣe ní Kàbà, ó ṣeé ṣe ní Ìyàrà, Mọ̀pà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀. Kí àwọn tó ni ilé gémù nínú ìlú kọ̀ọ̀kan jókòó pẹ̀lú ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú àti àwọn olùkọ́, wọn ò pọ̀, a mọ gbogbo wọn. Kí ọmọ tó wọ yúnífọ́ọ̀mù má wọlé ní àsìkò ilé ìwé. Kí àwọn gémù tó jẹ́ 18 máa dúró dìgbà tí àwọn kékeré bá ti lọ sílé, mo lè bá wọn kọ orúkọ àwọn gémù náà sára bébà kan kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ọ̀fẹ́ ni. Owó gémù, kí kálukú san tiẹ̀ kó tó gbá a, ẹni tí wọ́n nà àti ẹni tó nà, kí ẹnikẹ́ni tó bá fi owó tẹ́tẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ jáde. Mo ti bá ẹnì kan nínú wọn sọ ọ́, ó ní òun gbà, àmọ́ tí òun nìkan bá ṣe é, àwọn oníbàárà òun máa sún lọ sí ti ẹnìkejì lójú pópó kan náà. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ mọ́gbọ́n wá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fẹ́ kí gbogbo wọn gbà á pọ̀ lọ́jọ́ kan náà, kó tó di pé àwọn ọmọ gba họlidé.