GCC kì í kọ́ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lásán

Ẹ̀gbọ́n, mo kí yín láti Ìjẹ̀bú-Òde. Nínú ohun tí ẹ kọ, ẹ ní make, ètò tó ń bá wa kọ́ ètò kọ̀ǹpútà láti inú àwọn fáìlì kóòdù, máa ń ṣe Makefile (fáìlì tí a kọ ìlànà rẹ̀ sí) látòkè délẹ̀, pé gbogbo fáìlì ló máa ń tún kọ́, àti pé àṣedànù ni bí GCC, kọ̀ǹpáílà tó ń sọ kóòdù di ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe, ṣe ń kọ́ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ti ń tún un sọ, ìyẹn ló ká mi lára.

Ohun tó gbára lé ohun mìíràn ni make ń wò. Ẹni tó ń ṣe gàrí Ìjẹ̀bú kò lè yan ẹ̀gẹ́ tí a kò tíì rin, tí kò tíì kan, tí omi rẹ̀ kò tíì dà. Ibi yòówù kí ẹ kọ “yíyan” sí nínú ìwé, rírin ló máa ṣíwájú. Aago fáìlì ni make sì ń yẹ̀ wò: bí main.c (kóòdù tí a kọ) kò bá tuntun ju main.o (ohun tí a ti kọ́ láti inú rẹ̀) lọ, á fò ó. Ẹ tẹ make lẹ́ẹ̀mejì léra wọn, ẹ ó rí “up to date”.

Ti GCC ńkọ́? Kọ̀ǹpáílà tó ti wà lórí ẹ̀rọ ló ń kọ́ GCC èkíní. Èkíní kọ́ èkejì, èkejì kọ́ ẹ̀kẹta. Wọ́n á wá fi àwọn fáìlì ti GCC èkejì wé ti ẹ̀kẹta. Bí wọn kò bá bára mu, àṣìṣe wà níbì kan nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tún ohun tí ẹ kọ yẹn kọ.