Odò Tó Bá Gbàgbé Orísun Rẹ̀

Àwọn àgbà ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ohun tó mú mi pa òwe náà ni ọ̀rọ̀ tí ọ̀dọ́kùnrin kan sọ lójú mi, pé ọdún 2024, nígbà tí èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 18 wo àṣekágbá bọ́ọ̀lù alájùsínú agbọ̀n àwọn obìnrin yunifásítì Amẹ́ríkà lórí tẹlifíṣọ̀n, ni eré náà ṣẹ̀ṣẹ̀ di eré gidi. Mo bi í bóyá ó mọ Pat Summitt. Ó ní òun kò gbọ́ orúkọ náà rí. Ó dùn mí wọra.

Ọmọ ọdún 22 ni Summitt ní ọdún 1974, nígbà tí Yunifásítì Tennessee fi í ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá àwọn obìnrin. Dọ́là 250 ni owó oṣù rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń wa ọkọ̀ tó ń gbé ẹgbẹ́ náà lọ sí ìdíje, òun náà ló sì ń fọ aṣọ tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Ó di ọdún 1982 kí NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, tó dá ìdíje sílẹ̀ fún àwọn obìnrin rárá. Kí Summitt tó di akọ́nimọ̀ọ́gbá pàápàá, bàbá rẹ̀, tó jẹ́ àgbẹ̀, ti kó gbogbo ilé kúrò ní ìlú Clarksville lọ sí ìlú Henrietta, nítorí pé ilé-ẹ̀kọ́ girama Clarksville kò ní ẹgbẹ́ fún àwọn ọmọbìnrin. Bàbá mélòó ni yóò kó ẹrù nítorí eré ọmọbìnrin rẹ̀?

Ní ọdún 2011, ó kéde fún gbogbo ayé pé àrùn Alzheimer, tó ń mú èèyàn gbàgbé nǹkan, ti mú òun, kò fi pamọ́, ó sì tún darí ẹgbẹ́ náà fún sáà kan sí i kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ó kú ní oṣù kẹfà ọdún 2016, ní ẹni ọdún 64. Àrùn ló gba ìrántí lọ́wọ́ rẹ̀. Àwa tí ara wa le, kí ló gba tiwa?

Àwọn tó tilẹ̀ rántí rẹ̀, iye ni wọ́n ń kà: eré 1,098 tó borí, ife-ẹ̀yẹ NCAA 8 láàárín ọdún 38. Èmi kò ní kí wọ́n má kà á. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá pa kíláàsì jẹ kì í bá a gbá bọ́ọ̀lù, ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú kíláàsì ni wọ́n gbọ́dọ̀ jókòó sí, gbogbo àwọn tó sì parí ọdún ìdíje wọn lọ́dọ̀ rẹ̀ ló gboyè. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Obìnrin yìí wẹ̀yìn. Ẹ̀yin akọ́nimọ̀ọ́gbá tí ẹ ń fi ọmọ ọlọ́mọ gba ife-ẹ̀yẹ ńkọ́, tí ẹ ń gba ìwé lọ́wọ́ wọn nítorí ìgbaradì bọ́ọ̀lù, tí ẹ sì ń tì wọ́n síta lọ́jọ́ tí orúnkún wọn bá ṣèṣe? Ẹ ya fọ́tò pẹ̀lú ife, ẹ gba owó oríire. Ọmọ ti padà sílé, kò ní ìwé ẹ̀rí, kò sì lè sáré mọ́. Ẹ lọ bá ìyá rẹ̀, kí ẹ sọ fún un ohun tí ẹ fi ọmọ rẹ̀ ṣe.